Ta Ni Yóò Jẹ́rìí? Àgbéyẹ̀wò Àríyànjiyàn lórí Bóyá Ọlọ́run Ni Ó Dá Àgbáálá Ayé

Ní 22 oṣù Bélú ọdún 1951, ní ìlú Róòmù, Póòpù Pius Kejìlá bá àwọn ọ̀mọ̀wé Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti ìjọ Àgùdà sọ̀rọ̀, ó sì wí fún wọn pé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì òde òní, bí ó ti ń tọ ipasẹ̀ àwọn ìràwọ̀ padà sẹ́yìn, ti dé ẹnu ọ̀nà ibi tí ayé ti ṣẹ̀, àti pé ohun tí àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi awò wọn rí ń jẹ́rìí sí ohun tí Ìwé Mímọ́ ti wí láti ìgbà láéláé. Bí a bá ní kí a wá ẹni tí ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn jù lọ́jọ́ náà, Georges Lemaître ni, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Louvain ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, nítorí òun ni ó fi ìṣirò gbé ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ayé kalẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, àlùfáà ìjọ Àgùdà sì ni òun tìkára rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò dùn. Ìdí tí kò fi dùn ni mo fẹ́ tú wò nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí ó dá mi lójú pé ẹni tí ó bá mọ ìdí náà ti mọ ibi tí ẹjọ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ yìí dúró sí.

Ẹjọ́ náà ni pé ṣé a rí Ẹni tí ó dá àgbáálá ayé, àbí ayé kàn wà bẹ́ẹ̀ ni? A máa ń rò pé ìbéèrè kan ni, bẹ́ẹ̀ méjì ni ó wọ ẹ̀wù kan. Ọ̀tọ̀ ni kí a bèèrè pé ìgbà wo ni ayé bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni kí a bèèrè pé kí ni ó gbé ayé ró tí ó fi wà, tí kì í fi ṣe pé kò sí ohunkóhun rárá. Ẹni tí ó bèèrè ọdún tí a kọ́ ilé kò tí ì bèèrè ohun tí ó gbé àjà dúró.

Èdè tiwa náà ní ẹ̀rí tí ó lè jẹ́ nípa èyí. Nínú ìtàn tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́, Olódùmarè, Ọba atẹ́rẹrẹ kárí ayé, rán Òrìṣà-ńlá wá pẹ̀lú iyanrìn àti adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún, kí ó wá sọ orí omi di ilẹ̀ gbígbẹ. Ìtàn náà kò sì sọ fún wa ìgbà tí omi náà dé ibẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi túmọ̀ iṣẹ́ Ọlọ́run nínú Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀rọ̀ náà “dá” ni wọ́n mú, ọ̀rọ̀ tí a fi ń dá oko, tí a fi ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó dá oko kò dá ilẹ̀. Plato, amòye ilẹ̀ Gíríìkì, kò jìnnà sí àwọn baba wa níhìn-ín, nítorí nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Timaeus, oníṣẹ́ ọnà ni ẹni tí ó ṣe ayé, ohun tí ó wà ní jágbajàgba ni ó sì tò lẹ́sẹẹsẹ. Aristotle, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kọ ìyẹn pàápàá: lójú tirẹ̀, ayé kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin, ṣùgbọ́n ó gbà pé ohun kan wà tí ń mú gbogbo nǹkan rìn tí ohunkóhun kì í mú un rìn.

Ọ̀rọ̀ Aristotle yìí ni ó di egungun lọ́rùn àwọn ẹlẹ́sìn tí wọ́n gbà pé láti inú àìsí ni Ọlọ́run ti dá ohun gbogbo. John Philoponus, Kristẹni ará Alẹkisáńdíríà, kọ ìwé takò ó ní ọdún 529. Ṣùgbọ́n Abu Hamid al-Ghazali, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì létí àwọn àfáà wa, ni ó fi àríyànjiyàn náà gún ibi tí ó ti ń dunni. Ní Baghdad, ní ọdún 1095, ó parí ìwé kan tí ó fi tú àṣírí àìdánilójú àwọn amòye ọmọlẹ́yìn Aristotle. Ó ní kí a wo òòrùn, kí a sì wo ìràwọ̀ Saturn. Gẹ́gẹ́ bí ìmọ̀ ìgbà náà, òòrùn ń parí ìyípo rẹ̀ ní ọdún kan, Saturn ń parí tirẹ̀ ní 30 ọdún. Bí ayé kò bá ní ìbẹ̀rẹ̀, a jẹ́ pé òòrùn ti yí ìyípo tí kò lóǹkà, Saturn náà ti yí ìyípo tí kò lóǹkà, síbẹ̀ ọ̀kan fi ìlọ́po 30 ju èkejì lọ: báwo ni èyí tí kò lóǹkà ṣe wá kéré sí èyí tí kò lóǹkà? Ó tún bi wọ́n pé, bí a bá pín ìyípo òòrùn láti ẹ̀yìn wá sí ọ̀nà méjì, ṣé yóò pín ọgbọọgba, àbí ọ̀kan yóò ṣẹ́kù? Èyí tí wọ́n bá mú, ọ̀ràn ni.

Kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà tí Ibn Rushd, adájọ́ ará Córdoba, fi dá a lóhùn pé ìyípo tí ó ti kọjá lọ kò sí mọ́, ohun tí kò sì sí papọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ní àròpọ̀ tí a lè pín. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Georg Cantor, oníṣirò tí ó ń kọ́ni ní Halle ní ilẹ̀ Jámánì, tún fi hàn pé nínú ohun tí kò lóǹkà, apá kan lè bá odindi dọ́gba láìsí ìtakora kankan, ohun tí al-Ghazali sì pè ní èèwọ̀ di ohun tí a ń kọ́ ọmọ ilé ìwé gíga. Lójú tèmi, apá yìí nínú àwíjàre náà ti rọ. Apá tí kò tí ì rọ ni èyí: bí ẹnìkan bá sọ fún wa pé òun ti ń ka owó ẹyọ bọ̀ láti àìnípẹ̀kun, pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á tán lónìí, a ó bi í pé kí ló dé tí kò fi kà á tán lánàá. Orí ibi yìí ni William Lane Craig, ọmọ Amẹ́ríkà, tẹ ẹsẹ̀ mọ́ nígbà tí ó jí àwíjàre al-Ghazali dìde nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1979, àwọn amòye kò sì tí ì yanjú rẹ̀ títí di òní.

Ọ̀nà kejì kò ka ọdún rárá. Amòye Ibn Sina ni ó ti la ọ̀nà náà kí wọ́n tó bí al-Ghazali: ohun gbogbo tí a rí ló ṣeé ṣe kí ó má sí, nítorí náà, ó ní láti fara ti Ẹni tí kò lè ṣe àìsí. Thomas Aquinas, olùkọ́ àgbà ìjọ Àgùdà tí ó kú ní ọdún 1274, gba ọ̀nà yìí, ó sì sọ ohun tí ó ya ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn lẹ́nu títí di òní, pé ọgbọ́n orí kò lè fi hàn láé pé ayé ní ìbẹ̀rẹ̀; ìgbàgbọ́ nìkan ni ó sọ bẹ́ẹ̀ fún wa. Ó mú àpẹẹrẹ kan lọ́wọ́ Augustine: bí ẹsẹ̀ bá ti wà nínú eruku láti àìnípẹ̀kun, ojú ẹsẹ̀ yóò ti wà lábẹ́ rẹ̀ láti àìnípẹ̀kun, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe ẹsẹ̀ ni ó tẹ̀ ẹ́. Mo rọ òǹkàwé kí ó fi àpẹẹrẹ yìí sọ́kàn, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ohun tí ó kù.

Leibniz, ará Jámánì, ni ó wá fi ìbéèrè náà sí ẹnu tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, ní ọdún 1714: kí ló dé tí nǹkan fi wà, tí kì í ṣe òfo ni ó wà? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Bẹ́ẹ̀ ni Leibniz ṣe gbà pé odindi ayé kò lè wà láìnídìí. David Hume, ará Skọ́tílándì, tí wọn kò tẹ ìwé rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí jáde títí di 1779, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni ó mi ìgbàgbọ́ yìí tìtì. Ó ní a ti rí ilé tí a kọ́, a sì mọ̀ pé ọ̀mọ̀lé ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ti rí ayé kan tí a ń dá, tí yóò fi mọ bí a ti ń dá ayé? Ó tún ní bí a bá ní láti rí ohun kan tí kò nídìí mìíràn lẹ́yìn ara rẹ̀, kí ló ṣe tí ayé fúnra rẹ̀ kò fi lè jẹ́ ohun náà? Ìbéèrè ọmọdé nì, “Ta ni ó dá Ọlọ́run?”, ibẹ̀ ni ó fìdí sí. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1948, nígbà tí amòye Bertrand Russell àti àlùfáà Frederick Copleston jiyàn lórí rédíò BBC ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, ibi kan náà ni wọ́n parí sí: Russell ní ayé kàn wà, ó tán, Copleston ní ẹni tí ó kọ̀ láti jókòó sídìí ayò ni a kò lè pa láyò. Èmi kò rí ẹni tí ó borí nínú wọn. Ti William Paley, tí ó fi aago ṣàpèjúwe ayé ní ọdún 1802, kò pẹ́ ní sísọ: ọgọ́ta ọdún kò pé tí Darwin fi fi hàn pé ohun abẹ̀mí lè gba ìrísí oníṣẹ́ ọnà láìsí oníṣẹ́ ọnà tí ó jókòó tì í.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ Lemaître. Ní ọdún 1917, Einstein ṣe ìṣirò àgbáálá ayé, ó sì fi ohun kan kún un kí ayé má baà mira. Alexander Friedmann ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà fi hàn ní 1922 pé ó lè mira. Lemaître fi hàn ní 1927 pé ó ń mira lóòótọ́, pé ó ń fẹ̀ bí aṣọ tí a ń tẹ́. Edwin Hubble sì kéde ní 1929, láti orí Òkè Wilson ní California, pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ti jìnnà sí wa tó ni ó ti ń sáré kúrò lọ́dọ̀ wa tó. Ohun tí ń fẹ̀ lónìí ti kéré lánàá, ohun tí ó kéré lánàá ti kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ níjẹta. Ní 1931 Lemaître wá sọ pé gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun kan ṣoṣo. Ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míìn: nígbà tí a fi ìwọ̀n Hubble ṣírò ọjọ́ orí ayé, bílíọ̀nù méjì ọdún ni a bá, bẹ́ẹ̀ àpáta ilẹ̀ tí a ń tẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ wá dàgbà ju ìyá. Kò sí ẹni tí ó bá àṣìṣe náà títí onímọ̀ ìràwọ̀ Walter Baade fi tún ìwọ̀n náà ṣe ní 1952, ọdún kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Póòpù. Lónìí, bílíọ̀nù 13.8 ọdún ni a ń kà.

Àárín ìgbà tí ìṣirò ń tàsé yìí ni Fred Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold dìde ní 1948, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ní ayé ń fẹ̀ lóòótọ́ ṣùgbọ́n kò ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tuntun ń yọjú díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo. Hoyle ni ó tilẹ̀ sọ ìmọ̀ Lemaître ní orúkọ tí gbogbo ayé fi ń pè é, Big Bang, lórí rédíò BBC ní 28 oṣù Ẹrẹ́nà 1949. Kò fi pamọ́ pé òórùn ẹ̀sìn tí ó ń gbọ́ lára ìbẹ̀rẹ̀ kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹ wá wò ó: Póòpù àti Hoyle, tí a rò pé ọ̀tá ni wọ́n, inú àṣìṣe kan náà ni wọ́n jọ sùn, nítorí àwọn méjèèjì gbà pé bí ayé bá ní ìbẹ̀rẹ̀, Ọlọ́run jàre, bí kò bá ní, Ọlọ́run jẹ̀bi. Aquinas ì bá rẹ́rìn-ín. Lemaître, ẹni tí ó ka Aquinas, mọ̀ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Nígbà tí Póòpù sì tún bá àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ àgbáyé sọ̀rọ̀ ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ 1952, kò tún pe ìṣirò náà ní ẹlẹ́rìí mọ́.

Ìṣirò Hoyle ṣubú. Ní Holmdel, ní New Jersey, Arno Penzias àti Robert Wilson gbọ́ ariwo kan nínú ẹ̀rọ ìgbohùn wọn ní 1964 tí kò dá lọ́sàn-án, tí kò dá lóru. Wọ́n lé àwọn ẹyẹlé tí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ síbẹ̀, wọ́n fọ ìgbẹ́ wọn kúrò, ariwo kò lọ. Ooru ìbẹ̀rẹ̀ ayé tí ó ti tutù ni. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1978.

Síbẹ̀ ẹjọ́ kò parí. James Hartle àti Stephen Hawking kọ ọ́ ní 1983 pé àkókò lè ṣe rìbìtì ní ìbẹ̀rẹ̀ bí orí ilẹ̀ ayé ti rí ní ìpẹ̀kun àríwá, tí kò ní etí. Hawking sì bèèrè pé iṣẹ́ wo ni ó wá kù fún Ẹlẹ́dàá. Lawrence Krauss kọ odindi ìwé ní 2012 pé láti inú òfo ni ayé ti jáde, ṣùgbọ́n David Albert, tí ó jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti fìlọ́sọ́fì, fi hàn pé òfo tí Krauss ń sọ ní òfin, ó sì ní agbára. Òótọ́ ni: igbá òfìfo, igbá náà ni. Ẹni tí ó bá ní òun yọ ayé láti inú òfin físíìsì kò tí ì sọ ẹni tí ó fi òfin náà síbẹ̀, tàbí ìdí tí òfin kankan fi wà. Bákan náà ni Ẹlẹ́dàá tí ó bá ń ṣiṣẹ́ kìkì ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ kì í ṣe Ẹni tí Ibn Sina àti Aquinas ń sọ, nítorí ẹsẹ̀ Ẹni tí wọ́n ń sọ wà nínú eruku títí di ìsinsìnyí. Ìdájọ́ tèmi ni pé awò kò lè jẹ́rìí gbè é, kò sì lè jẹ́rìí takò ó. Ìbéèrè Leibniz ni ó kù, ọgbọ́n orí sì ni a ó fi jà á.

Lẹ́tà tí Lemaître fi gbé ìbẹ̀rẹ̀ ayé kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature, ní 9 oṣù Èbìbí 1931, kúrú gan-an. Nínú ẹ̀dà tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, ìpínrọ̀ kan wà ní ìparí, níbi tí ó ti wí pé Ọlọ́run tí ó gbé ohun gbogbo ró jẹ́ Ọba tí ó fi ara pamọ́, àti pé ó lè dùn mọ́ ẹni tí ó gbà á gbọ́ láti rí bí ìmọ̀ físíìsì ti ta aṣọ bo ìṣẹ̀dá lójú. Kí ó tó fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ó fi kálàmù pa ìpínrọ̀ náà rẹ́.