Ìwé Àjọ Tó Wà Lọ́wọ́ Gbogbo Ilé

Mo wà ní ìwé kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá mi àti alájọ rẹ̀ jà. Káàdì ọwọ́ ìyá mi sọ iye kan, ìwé ńlá alájọ sọ òmíràn. Èwo lẹ rò pé wọ́n gbà gbọ́? Ti alájọ ni. Ìyá mi sunkún wálé. Ọ̀rọ̀ yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn Bitcoin.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀ kí n rò ó. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2008, ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto gbé ìwé kan jáde pé owó lè ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn láìsí báǹkì láàrin. Dípò kí alájọ kan ṣoṣo mú ìwé dání, ẹ̀dà rẹ̀ yóò wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́. Irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní nóòdù. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 10-10 ni ojú ewé tuntun ń wọlé. Nóòdù kọ̀ọ̀kan yóò yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀, bóyá ẹnì kan fẹ́ ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí irọ́ bá wà níbẹ̀, yóò dà á nù. Kò ní bi ọ̀gá kankan léèrè.

Ojú ewé àkọ́kọ́ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kìíní 2009. Nígbà tó fi di ọjọ́ 12, Hal Finney, ará Amẹ́ríkà, ti tò ó sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Satoshi sì ti fi Bitcoin 10 ránṣẹ́ sí i. Nígbà náà, ẹ̀rọ kan náà ló ń yẹ ìwé wò tó tún ń pa owó tuntun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Finney ń gbóná, ariwo fáànù ń dà á láàmú, ló bá pa á.

Ìjà dé ní 2017. Ní oṣù karùn-ún, ilé iṣẹ́ tó lé ní 50 fohùn ṣọ̀kan pé kí ojú ewé fẹ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ onínóòdù nílé yarí: bí ìwé bá wúwo jù, olówó nìkan ni yóò lè gbé e, a ó sì padà sọ́dọ̀ alájọ. Ní oṣù kọkànlá, wọ́n fagi lé àbá náà.

Èmi náà tò ó sórí láàpútọ́ọ̀pù àtijọ́ kan. Ìwé náà ti lé ní 600 gígábáìtì, dátà sì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ 3 gbáko ló gbà. Bí iná bá lọ, àwọn nóòdù yòókù ń bá iṣẹ́ lọ. Bó bá dé, tèmi á sáré lé wọn bá. Ìyàwó mi ní, “Bàbá Kẹ́mi, èló ni nǹkan yìí ń pa wọlé?” Mo ní kò pa kọ́bọ̀. “Ẹ sì ń sanwó iná lé e lórí!”

Òótọ́ ló sọ. Kò lè dá owó tó ń já wálẹ̀ dúró, kò sì lè gba owó tí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbájúẹ̀ padà. Ohun tó wà fún ni pé ẹnikẹ́ni kò lè gbé ìwé irọ́ kò mí lójú. Ká ní káàdì ìyá mi lágbára tó ìwé alájọ lọ́jọ́ náà, kì bá tí sunkún wálé.