Ìńfátà Tó Ń Ṣírò Ṣáájú

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìńfátà ni mo gbé dé lónìí. Ní 1981, àwọn ọmọ Japan mẹ́ta, Nabae, Takahashi àti Akagi, tẹ iṣẹ́ jáde lórí ìńfátà onípele mẹ́ta. Fọ́tééjì rẹ̀ kì í fò láti ìsàlẹ̀ dé òkè lẹ́ẹ̀kan. Ó ń tẹ agbedeméjì kọjá. Ọ̀nà 27 ló wà láti to àwọn suwíìṣì inú rẹ̀. Èwo ni ká mú?

Ní 1983, Holtz àti Stadtfeld ní Jámánì ti dábàá pé kí ẹ̀rọ ṣírò ibi tí iná ń lọ kó tó yí suwíìṣì. Ẹ má pe ìyẹn ní àsọtẹ́lẹ̀ o, kò sí ìríran níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ yẹ gbogbo ọ̀nà 27 wò kí ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan tó pé, kò rọrùn rárá. Ó di 2007 kí Vargas, Rodríguez àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Chile tó tẹ irú rẹ̀ jáde fún onípele mẹ́ta.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù: nínú 27 yẹn, fọ́tééjì 19 péré ló yàtọ̀ síra. Àwọn kan wà ní méjì-méjì, bí ọ̀rọ̀ tí ìtumọ̀ wọn jọra. Ẹ ṣáà rántí ohun tí mo máa ń sọ ní kíláàsì: kò sí méjì tó bára mu tán. Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Ọ̀kan ń lo kápásítọ̀ òkè, èkejì ń lo ti ìsàlẹ̀, ẹ̀rọ á sì mú èyí tí kò ní jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì kún jù.