Orin Àwọn Obìnrin Oko Ìrèké ní Hàwáì

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ kì í ṣe ti ọba tàbí ti ogun, bí kò ṣe ti àwọn obìnrin tí wọ́n ti ilẹ̀ Jàpáànì lọ ṣe alágbàṣe ní oko ìrèké Hàwáì. Ní oṣù kejì ọdún 1885 ni ọkọ̀ City of Tokio gúnlẹ̀ sí Honolulu pẹ̀lú àwọn àkọ́kọ́ tí ó wá lábẹ́ àdéhùn ìjọba ilẹ̀ méjèèjì. Títí di 1894, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ́n tó bí 29,000. Owó oṣù ọkùnrin nínú àdéhùn náà jẹ́ dọ́là 9, ti obìnrin dọ́là 6, láìka owó oúnjẹ. Wọn kì í ṣe ẹrú. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá sá kúrò lóko kí ọdún mẹ́ta tó pé, òfin lè sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n.

Bíbó ewé gbígbẹ kúrò lára ìrèké ni iṣẹ́ tí ó já lé àwọn obìnrin lọ́wọ́ jù. Ewé náà mú bí abẹ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi aṣọ di apá, ẹsẹ̀ àti ojú nínú oòrùn gangan, tí àwọn mìíràn sì pọn ọmọ. Holehole ni àwọn ará Hàwáì ń pe iṣẹ́ náà; bushi ni orin ní èdè Jàpáànì. Báyìí ni orin wọn ṣe di holehole bushi, orúkọ tí èdè méjì jọ bí.

Ohùn orin náà, láti ilé ni wọ́n ti gbé e wá, láti inú orin iṣẹ́ àwọn àgbẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni ó jẹ́ tuntun. Wọ́n kọrin nípa owó ọ̀yà tí kò tó nǹkan, nípa owó tí tẹ́tẹ́ jẹ, àti nípa àdéhùn tí ó parí nígbà tí kò sí ohun tí a ó kó padà sílé. Obìnrin a tilẹ̀ máa kọ ọ́ lórin pé òun lè fi ọkọ sílẹ̀ tẹ̀lé ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ tí kò jẹ́ sọ lójú ìyá ọkọ rẹ̀.

Lójú alábòójútó gan-an ni wọ́n sì ti ń kọ ọ́. Luna ni wọ́n ń pè é, ẹni tí ó ń gun ẹṣin kiri oko. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbọ́ èdè Jàpáànì. Àwa náà mọ orin òwe, ṣùgbọ́n tiwa, ẹni tí a ń bá wí a máa mọ ara rẹ̀.

A kò ní sọ pé orin ni ó já ìdè wọn. Òfin Amẹ́ríkà ni ó fòpin sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ ní 1900. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ Jàpáànì sì da iṣẹ́ sílẹ̀ ní Oahu ní 1909, nínú ìpàdé àti ìwé ìròyìn ni wọ́n ti béèrè owó ọ̀yà kan náà pẹ̀lú ti àwọn ará Pọtogí. Ní àwọn ọdún 1960 ni Harry Urata, olùkọ́ orin, gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn arúgbó tí ó kù. Nọ́ńbà ara irin ni oko fi ń dá òṣìṣẹ́ mọ̀. Lẹ́nu àwọn arúgbó wọ̀nyí ni ó ti gbọ́ nípa ọkọ, ọmọ àti owó tí kò tó.