Bọ́lẹ̀kájà

Bọ́lẹ̀kájà ni orúkọ tí àwọn Yorùbá fún ọkọ̀ akẹ́rù tí a fi pákó kọ́ ara rẹ̀, tí ó máa ń kó èrò àti ẹrù pọ̀ ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní ọ̀rúndún ogún. Láti òkè-òkun ni ẹ́ńjìnnì àti ṣáásì rẹ̀, èyíinì ni egungun irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ti ń wá. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ilé ni ó ń kọ́ ìyókù. Gbólóhùn "bọ́ sílẹ̀ kí á jà" ni a sún kì tí ó fi di orúkọ rẹ̀. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé àwọn ọmọ ọkọ̀ tí ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ní ibùdókọ̀ kì í pẹ́ pe ara wọn níjà. Ní Gánà, irú ọkọ̀ yìí ni a kọ́kọ́ mọ̀ sí tro-tro, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Ga tí ó túmọ̀ sí tọ́rọ́, nítorí pé òun ni owó ọkọ̀ nígbà náà.

Bí ó ṣe dé

Ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908 lẹ́yìn tí ó ti gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá. Ìrọ̀rùn ńlá ni èyí fún ìlú tí ó ní ibùdó rélùwéè. Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í yà sí oko. Láti abúlé tí ó wà ní àyíká Eko-Ende, Ìnísà àti Òkukù dé ibùdó rélùwéè tàbí ọjà, orí ni a fi ń ru iṣu, epo àti kòkó. Àlàfo yìí ni ọkọ̀ akẹ́rù wá dí jákèjádò ilẹ̀ Yorùbá. Bedford, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1931, ni a mọ̀ jù nínú wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Austin àti Commer náà wà. Ṣáásì lásán dín owó kù fún ẹni tí ó rà á, ó sì fún oníṣẹ́ ọwọ́ ilé ní iṣẹ́ ṣe.

Ìgbèrò ara ọkọ̀

Kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó la pákó, ó ní láti mọ ohun tí ọkọ̀ náà yóò máa gbé. Ẹni tí ó ń kó ẹrù lọ́jọ́ ọjà tí ó sì ń kó èrò lọ́jọ́ mìíràn nílò ìjókòó tí a lè tú kúrò. Ìdí nìyí tí ìjókòó fi jẹ́ pákó gbọọrọ lásán. Fèrèsé kì í ní gíláàsì. Tapólì ni a ń ká sókè nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí a sì ń já sílẹ̀ bí òjò bá dé. Páànù tàbí pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni òrùlé, pátákó iwájú sì wà fún òwe, àdúrà tàbí oríkì tí olówó ọkọ̀ bá fẹ́ kọ.

Ìwúwo ni ọ̀ràn tí ó le jù, òun náà sì ni ojú kì í tètè rí. Pákó ìrókò gbígbẹ kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tí ó sì nípọn ní íǹṣì 1, wúwo tó nǹkan bí kílò 18. Bí a bá lo 30 irú rẹ̀, ó ti ju ìdajì tọ́ọ̀nù lọ. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti gbé tọ́ọ̀nù 3, ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ ti lọ kí iṣu àkọ́kọ́ tó wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni igi tí ó fúyẹ́ kì í sábà le tó ìrókò, ikán sì lè tètè mú un.

Ibi tí ìwúwo wà tún ṣe pàtàkì. Bí ara ọkọ̀ bá yọ jù lẹ́yìn táyà ẹ̀yìn, ẹrù ibẹ̀ yóò máa gbé iwájú sókè, síárìn yóò sì fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Bí ẹrù bá ga jù lórí òrùlé, ọkọ̀ lè dojú dé ní kọ́nà. Òfin kan náà ni ó de ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan tírélà kékeré tí a ń sùn sí, irú èyí tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà ni wọ́n ń fẹ́ kí ó tẹ ìkọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lẹ́yìn, tírélà náà yóò máa fì sọ́tùn-ún sósì, ó sì lè fa mọ́tò ṣubú.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún títì. Ọkọ̀ tí a ń gba ẹ̀yìn wọ̀ kò rí ìyọnu púpọ̀ nínú èyí. Èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èrò kalẹ̀ sí àárín títì.

Ewu rẹ̀

Pákó kò lè dáàbò bo èrò nínú ìjàǹbá. Ó máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀ẹ́rún rẹ̀ a sì máa gún ènìyàn; iná kì í sì í pẹ́ ràn án bí epo bá dànù. Ikú ojú títì ni Wọlé Ṣóyínká fi ṣe kókó eré The Road (1965), òun náà ni ó sì di alága àkọ́kọ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìjọba àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1988. Nígbà náà, mólúè àti dánfó alára irin ti gba ipò bọ́lẹ̀kájà. Síbẹ̀, ilé ni wọ́n ti ń kan ara mólúè pàápàá, lórí ṣáásì Mercedes-Benz 911.

Orúkọ náà wọ inú ìmọ̀ lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Nínú ìwé Toward the Decolonization of African Literature (1980), Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike pe ara wọn ní alárìíwísí bọ́lẹ̀kájà, nítorí ìjà ni wọ́n ń pe àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń tako sí.