Àádọ́ta Ọ̀kẹ́: Ìtàn Òǹkà Ńlá Kan nínú Èdè Yorùbá

Kò sí ọjọ́ kan tí a kì í gbọ́ "ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn" lẹ́nu àwọn tí ń sọ èdè Yorùbá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀kẹ́ kì í ṣe àìmọye rárá. Òǹkà tí iye rẹ̀ dájú ni, ó sì wúlò fún wa títí di òní.

Àpò ni ọ̀kẹ́ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ní ayé owó ẹyọ, ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá, ìyẹn 20,000, ni ó ń kún ọ̀kẹ́ kan. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì C.M.S. tí ó gbé ní Ìjàyè, ṣàlàyé ní 1887 pé láti inú kíka owó ẹyọ ni ètò òǹkà Yorùbá ti wá: márùn-ún-márùn-ún ni a ń kó ẹyọ jọ títí yóò fi di ogún, tí ogún yóò sì di igba. Nígbà tí ṣílè gba ipò owó ẹyọ, àpò náà lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù nínú òǹkà.

Bí a bá tú 20,000 sí wẹ́wẹ́, 2 lọ́nà márùn-ún àti 5 lọ́nà mẹ́rin ni a ó bá níbẹ̀. Ìdí nìyí tí 20, 40, 50, 200 àti 2,000 fi lè pín in láìṣẹ́kù. Bí a bá sì tú mílíọ̀nù kan, 2 lọ́nà mẹ́fà àti 5 lọ́nà mẹ́fà ni a ó rí. Nítorí náà, bí mílíọ̀nù tilẹ̀ jẹ́ àlejò, ó bá òǹkà wa mu régí: àádọ́ta ọ̀kẹ́ ni, kò lé, kò dín.

Ẹ jẹ́ kí a fi Àbújá ṣe àpẹẹrẹ. Ètò ìkànìyàn 2006 fi hàn pé ènìyàn 1,406,239 ni ó wà ní Agbègbè Olú-Ìlú Ìjọba Àpapọ̀. Ní Yorùbá, àádọ́rin ọ̀kẹ́ (1,400,000), ẹgbàáta (6,000), àti òjìlérúgba ó dín kan (239) ni.

A kò sẹ́ pé ètò yìí ní ibi tí ó ti nira. Kò sí orúkọ ìdìpọ̀ mìíràn tí ó ju ọ̀kẹ́ lọ. Bílíọ̀nù kan yóò gba 50,000 ọ̀kẹ́, èyí sì gùn lẹ́nu púpọ̀. A kò lè dá akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́bi bí ó bá yá bílíọ̀nù lò. Ṣùgbọ́n yíyá ọ̀rọ̀ tí a kò ní yàtọ̀ sí gbígbàgbé èyí tí a ní. Bí àwa olùkọ́ kò bá fi iye gidi, bí i ti ìkànìyàn, kọ́ni ní ọ̀kẹ́, "àìmọye" nìkan ni yóò ṣẹ́kù lẹ́nu àwọn ọmọ wa, ohun tí àwọn baba wa kà tí ó pé yóò sì di ohun tí a kò mọ iye rẹ̀ mọ́.