Ẹ̀kọ àti Ẹ̀kọ́: Ìtàn Oúnjẹ Ọmọ Ilé Ìwé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo

Àwọn baba wa ti to oúnjẹ ní ipò ní ipò kí a tó bí wa. Iyán ni wọ́n pè ní oúnjẹ gan-an; wọ́n fi ọkà ṣe oògùn; wọ́n ní ìgbà tí a kò bá rí nǹkan kan rárá ni a ń jẹ ẹ̀kọ; ní ti gúgúrú, kí ẹnu má baà dilẹ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni yóò bá fara mọ́ ètò yìí, àwa Ìjẹ̀ṣà ni, nítorí ta ni kò mọ̀ wá mọ́ iyán? Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìwé dé, ó da ètò náà rú. Ọmọ kò lè ru iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ sí ilé ìwé. Ẹ̀kọ tí ó wà lẹ́yìn ni ó wá di ohun tí ń tẹ̀ lé ọmọ lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ, nítorí a ti kọ ìtàn ilé ìwé wa lọ́pọ̀ ìgbà, a kò sì bèèrè ohun tí àwọn ọmọ náà jẹ.

Láyé àtijọ́, ibi tí òbí bá wà ni ọmọ ti ń jẹun. Bí wọ́n bá lọ sí oko, wọn a dáná sun iṣu níbẹ̀. Agogo ilé ìwé ni ó kọ́kọ́ ya ọmọ kúrò nídìí ààrò láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé kò pọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tí ì le. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí wọ́n wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò tó 460,000 ní ọdún 1954. Lọ́dún kejì wọ́n ti lé ní 800,000. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Síbẹ̀, owó ilé ìwé ni ìjọba gbà rù. Oúnjẹ ọ̀sán wà lọ́rùn ìyá.

Ní àkókò kan náà, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, òun àti àwọn tí ó ń bá a ṣiṣẹ́ ń wọn àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, wọ́n sì ń fi ìlà sàmì ìwọ̀n wọn sórí páálí kan tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé. Bí ìlà náà kò bá gòkè mọ́, ìyá á ti mọ̀ pé ewu ń bọ̀ kí ojú tó rí i lára ọmọ. Láti ibẹ̀ ni irú páálí bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé. Ohun tí ó kọ́ni ni pé ikùn lè kún kí ara má dàgbà. Ògì lásán a máa yó ọmọ, ṣùgbọ́n omi ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀; ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀pà ni ó ń kọ́ ara.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ní ọdún 1978, mo wà ní kíláàsì kẹta ní Iléṣà. Mààmi a máa di ẹ̀kọ méjì àti ọ̀lẹ̀ kan fún mi, èyí tí àwọn ará ibòmíràn ń pè ní mọ́ínmọ́ín. Ọmọ kan tí a jọ jókòó a máa gbé búrẹ́dì àti sàdíìnì wá nínú agolo tí ń dán. Ojú ewé mi tì mí. Lọ́jọ́ kan mo sọ gbogbo rẹ̀ sínú igbó lẹ́yìn ilé ìwé. Nígbà tí ó di ọ̀sán, oorun gbé mi lọ nídìí ìṣirò, ẹgba ni olùkọ́ sì fi jí mi. Mààmi gbọ́. Kò nà mí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà ó gbé ẹ̀wà rírẹ síwájú mi, ó ní: “Bó o, kí o lè mọ ohun tí o sọ nù.”

Mo bó o títí ìka mi fi hunjọ. Mo rí i bí wọ́n ti lọ̀ ọ́ pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, bí wọ́n ti bu epo sí i, tí wọ́n fi edé àti ẹ̀là ẹyin kan sí i, tí wọ́n pọ́n ọn sínú ewé eéran, tí wọ́n sì tò ó sórí igi ewé nísàlẹ̀ ìkòkò kí omi má baà wọ̀ ọ́. Kò sí ìyà tí ó tó èyí. N kò sọ oúnjẹ nù mọ́.

Nísinsìnyí tí mo dàgbà, mo mọ̀ pé ọgbọ́n ńlá wà nínú ohun tí mo tijú rẹ̀. Inú ewé tí a sè é sí náà ni ó wà títí ọmọ fi tú u. Ọwọ́ kankan kò kàn án. Ìwọ̀n ọmọ kan ni a pọ́n. Ẹ̀kọ ń fún un lágbára, ẹ̀wà àti ẹyin ń kọ́ ara rẹ̀. Bí ó bá jẹ ọsàn kan lé e, kí ni ó kù? Àwọn ará Jàpáánì ń ṣe irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní bento: ìrẹsì ní ìhà kan, ẹja tàbí ẹyin ní ìhà kejì, ẹ̀fọ́ láàárín, a ó tò ó kí ó dùn ún wò. Gbogbo ayé ń yìn wọ́n, wọ́n sì tọ́ sí ìyìn. Ṣùgbọ́n ewé Mààmi kò kéré sí àpótí wọn.

Kì í ṣe gbogbo ìyá ni ó lè dì í. Bí ilé kò bá ní, ọmọ a máa mú owó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá olóúnjẹ lẹ́nu ọ̀nà. Bí owó kò bá sì sí, a máa wo ẹnu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Àwọn ìlú mìíràn ti mọ èyí tipẹ́. Ní ọdún 1889, ilé ìwé kan ní Tsuruoka ní Jàpáánì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ aláìní. Ní ọdún 1906, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó gba ìjọba ìbílẹ̀ láàyè láti fún ọmọ ilé ìwé ní oúnjẹ. Ìjọba àpapọ̀ wa dán an wò ní ọdún 2005 ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, Ọ̀ṣun sì wà lára wọn. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ jáwọ́, Ọ̀ṣun kò jáwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tún un ṣe ní ọ̀tun: ₦50 lórí ọmọ kan lóòjọ́, àwọn ọmọ tí ó lé ní 250,000, àti àwọn obìnrin olóúnjẹ bí 3,000. Ẹ̀wà, ìrẹsì, iṣu, ẹja, ẹyin, adìyẹ àti èso wà nínú rẹ̀, títí kan kókò tí àwọn kan ń fojú tẹ́ńbẹ́lú. Ní ọdún 2016 ni ìjọba àpapọ̀ tún gbé irú rẹ̀ dìde káàkiri orílẹ̀-èdè.

Èmi náà ti di ìyá ọmọ ní Òṣogbo, iṣẹ́ sì ń lé mi kiri. Láàárọ̀ tí ọkọ̀ ń fọn fèrè lójúde, bisikíìtì àti ohun mímu aládùn ni ọwọ́ kọ́kọ́ ń nà sí. Gúgúrú òde òní ni wọ́n, kí ẹnu má dilẹ̀ ni. Mo wá rí i pé alẹ́ ni a ti ń di oúnjẹ àárọ̀. Lálẹ́ Sátidé mo ń rẹ ẹ̀wà. Lọ́jọ́ Àìkú mo ń pọ́n ọ̀lẹ̀ tí yóò tó ọjọ́ mélòó kan, mo ń gbé e sínú ẹ̀rọ amómitutù, mo sì ń tún un gbé kaná dáadáa láàárọ̀. Mo ń fi omi gbígbóná ṣan kúlà kí n tó bu oúnjẹ gbígbóná sí i, nítorí oúnjẹ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ títí di ọ̀sán kì í pẹ́ bàjẹ́. Ìbẹ́pẹ tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ wà nínú abọ́ tirẹ̀. Ọmọ mi ni ó ń tò ó bí ó ti wù ú, nítorí náà kì í fẹ́ gbé e padà wálé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní kí n fi ọ̀lẹ̀ méjì sí i. Mo rò pé ebi ń pa á ni. Ó ní, “Rárá, Mààmi, ẹni tí a jọ jókòó kì í gbé nǹkan wá.” Láti ọjọ́ náà, méjì ni mo ń dì. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ ó máa kọ ìtàn ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ yìí lọ. Nígbà tí ẹ bá ń ka iye ọmọ tí ó wọ kíláàsì, ẹ bá mi bèèrè iye tí ó jẹun.