Oguaa, Ìlú Etí Òkun Tó Wọ Inú Ìwé Àwọn Ọmọdé

Nǹkan bí kìlómítà 150 ni ìlú Cape Coast fi jìnnà sí Accra, ní apá ìwọ̀-oòrùn, lójú títì tó ń bá etí òkun lọ. Oguaa ni àwọn Fante tó ni ìlú náà ń pè é. Wọ́n tún ń pè é ní Kotokuraba, orúkọ tó jẹ mọ́ akàn, orúkọ yìí náà sì ni ọjà ńlá ìlú náà ń jẹ́. Àwọn Potogí ló pe ṣóńṣó ilẹ̀ tó yọrí sínú òkun níbẹ̀ ní Cabo Corso, èyí tó túmọ̀ sí ṣóńṣó ilẹ̀ kúkúrú. Ahọ́n àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò yí sí i, ni wọ́n bá sọ ọ́ di Cape Coast. Àwọn atukọ̀ wọn mìíràn sì ń pe ilé olódi tó wà níbẹ̀ ní Corso Castle. Orúkọ ìkẹyìn yìí ló wọ inú ìwé ìtàn kan tí àwọn ọmọdé ti ń kà káàkiri ayé láti ọdún 1883.

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wọ Oguaa, nítorí òwò ẹrú ni wọ́n ṣe ń wá. Wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ sínú àjà ilẹ̀ tí wọ́n ń há àwọn ọkùnrin mọ́, èyí tí ilé ìjọsìn àwọn Gẹ̀ẹ́sì wà lókè rẹ̀ gan-an. Wọ́n á wo àjà àwọn obìnrin, wọ́n á sì gba Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ jáde sí etí omi. Ohun tó yẹ kí ènìyàn tìtorí rẹ̀ wá nìyẹn, kò sì sí ìtàn mìíràn tó tó gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ìwé ọmọdé tó kan ìlú yìí kò ya ọ̀tọ̀ sí ìtàn ẹrú náà. Ọ̀nà omi kan náà ni wọ́n jọ gbà, ọkọ̀ kan náà sì ni wọ́n jọ wọ̀ nígbà mìíràn.

Àwọn ará Sweden ni wọ́n kọ́kọ́ ní odi síbẹ̀ ní 1653, tí wọ́n pè ní Carolusborg. Ó bọ́ sọ́wọ́ èyí, ó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀hún, kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á ní 1664, tí wọn kò sì fi í sílẹ̀ mọ́. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Royal African Company fi ṣe ibùjókòó gbogbo òwò rẹ̀ ní etíkun Gínì, ibẹ̀ náà sì ni olú ìlú Gold Coast títí di 1877 tí wọ́n gbé e lọ sí Accra. Odi tí àlejò ń rí lónìí kì í ṣe odi ayé ìgbà àwọn ajalèlókun gan-an, nítorí wọ́n tún un kọ́ lọ́nà tó gbòòrò ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ilẹ̀ kan náà ni, òkun kan náà ni. Ní 1979, UNESCO ka ilé olódi náà mọ́ àwọn ogún gbogbo ayé.

Ọkùnrin àkọ́kọ́ tó so òkun yìí mọ́ ìwé àwọn ọmọdé kì í ṣe òǹkọ̀wé rárá. Alexander Selkirk ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ abúlé apẹja kan tó ń jẹ́ Lower Largo ní ilẹ̀ Scotland ni, wọ́n bí i ní 1676, bàbá rẹ̀ sì ń ṣe bàtà. Alágídí ọmọ ni. Ní 1701 ó gbé omi mu nínú agolo láìmọ̀ pé omi òkun ni. Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ni Selkirk bá sọ ọ̀rọ̀ náà di ìjà tó kan gbogbo ilé, tí ẹjọ́ fi dé iwájú àwọn àgbà ìjọ. Kò pẹ́ sí àkókò náà tó bá ọkọ̀ lọ sí Òkun Pàsífíìkì láti máa ja àwọn ọkọ̀ Sípéènì lólè. Ní 1704, nígbà tí ọkọ̀ rẹ̀, Cinque Ports, gúnlẹ̀ sí erékùṣù kan tí ènìyàn kò gbé ní etí ilẹ̀ Chile, Selkirk sọ pé ọkọ̀ náà ti jẹrà, pé òun kò bá a lọ mọ́. Ọ̀gá ọkọ̀ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Òótọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀ sì já sí: ọkọ̀ náà rì nígbà tó yá, àwọn Sípéènì sì kó àwọn tó yè sí ẹ̀wọ̀n. Ó gbé ibẹ̀ fún ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́rin, ó ń jẹ ẹran ewúrẹ́, ó ń fi awọ wọn ṣe aṣọ, ó sì ń tọ́jú àwọn ológbò kí àwọn eku má baà jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lóru. Oṣù Èrèlé 1709 ni ọkọ̀ Woodes Rogers wá gbé e.

Rogers kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ní 1712, Richard Steele kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ní 1713. Ní oṣù Igbe 1719, Daniel Defoe tẹ Robinson Crusoe jáde. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ìtàn Selkirk wà lára ohun tí Defoe rí kọ́ ilé tirẹ̀ lé. Wọ́n gbé ère idẹ Selkirk kalẹ̀ ní Lower Largo ní 1885, sí ibi tí ilé tí wọ́n bí i sí ti wà rí. Nígbà tó sì di 1966, ìjọba Chile yí orúkọ erékùṣù rẹ̀ padà sí Erékùṣù Robinson Crusoe. Àpótí tí ó ń gbé rìn lórí òkun wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Edinburgh.

Ara Selkirk fúnra rẹ̀ kò sí ní ọ̀kankan nínú ibi wọ̀nyí. Ó ti wọṣẹ́ ológun ojú omi ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì di igbákejì atọ́kọ̀ nínú ọkọ̀ ogun Weymouth. Ní 1721 wọ́n rán Weymouth àti èkejì rẹ̀, Swallow, sí etíkun Gínì láti lọ lé àwọn ajalèlókun tó ń dààmú òwò Royal African Company. Àìsàn ló pàdé wọn níbẹ̀. Dókítà oníṣẹ́ abẹ kan tó bá wọn rin ìrìn-àjò náà, John Atkins, kọ ọ́ sílẹ̀ pé 240 ènìyàn ni Weymouth kó jáde láti ilé, ṣùgbọ́n pé òkú 280 ló wà nínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ìrìn-àjò parí. Ìṣirò náà kò ṣì: bí àwọn kan ti ń kú ni wọ́n ń fi ipá kó àwọn mìíràn láti inú ọkọ̀ oníṣòwò rọ́pò wọn. Selkirk wà lára àwọn òkú náà. Ó kú ní ọjọ́ 13, oṣù Ọ̀pẹ, 1721, wọ́n sì sọ òkú rẹ̀ sínú omi. Ọdún méjì ààbọ̀ péré ni ìwé Defoe ti jáde.

Ẹni tó bá tún ìwé náà ṣí lẹ́yìn tó ti rí Oguaa yóò kà á lójú mìíràn. Ìrìn-àjò àkọ́kọ́ tó mú èrè wá fún Crusoe, etíkun Gínì ló lọ. Ó kó ìlẹ̀kẹ̀ àti àwọn nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ tí owó rẹ̀ jẹ́ 40 pọ́n-ùn, ó sì kó wúrà lẹ́búlẹ́bú bọ̀, tí owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 pọ́n-ùn ní London. Ní ìrìn-àjò kejì, àwọn ajalèlókun Salé ní Mòrókò mú un lẹ́rú. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Xury ló bá a sá àsálà. Nígbà tí ọkọ̀ Potogí gbà wọ́n là, Crusoe ta ọmọ náà fún ọ̀gá ọkọ̀ ní 60 owó fàdákà. Lẹ́yìn náà ló di olóko ní Bùràsíìlì, ọ̀nà Gínì ló sì tún ń lọ, láti lọ kó ẹrú wá fún ara rẹ̀ àti àwọn olóko ẹgbẹ́ rẹ̀, nígbà tí ìjì da ọkọ̀ rẹ̀ nù. Ìyẹn ni pé erékùṣù tí gbogbo ọmọdé mọ̀ yẹn, ojú ọ̀nà òwò ẹrú ló wà. Ó yani lẹ́nu bí ọ̀pọ̀ ìwé kékeré tí wọ́n gé ìtàn náà sí fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ṣe ń yára kọjá ibẹ̀, tí wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí ìjì.

Ọ̀kan nínú àwọn ajalèlókun tí Weymouth àti Swallow ń lé ni Bartholomew Roberts, ọmọ ilẹ̀ Wales. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1722 ó wọ èbúté Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ó bá ọkọ̀ 11 níbẹ̀, ó sì gbà wọ́n. Ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan san wúrà lẹ́búlẹ́bú ìwọ̀n pọ́n-ùn mẹ́jọ kó tó gba ọkọ̀ rẹ̀ padà. Ọ̀gá ọkọ̀ Porcupine kọ̀, kò san. Àwọn ọmọ Roberts sọ iná sí ọkọ̀ náà nígbà tí nǹkan bí 80 ẹrú ṣì wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so ní méjì méjì. Àwọn tí kò bá iná lọ bẹ́ sínú omi, ẹja ekurá sì pa wọ́n. Nínú gbogbo ohun tí Roberts ṣe, ohun tó burú jù lọ nìyí, òun sì ni àwọn ìtàn olè ojú omi tí wọ́n ń kọ fún ìgbádùn kì í fẹ́ mẹ́nu bà.

Ní ọjọ́ 10, oṣù Èrèlé, Swallow bá Roberts nítòsí Cape Lopez, ìbọn ńlá sì pa á. Wọ́n kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà sí Oguaa fún ìdájọ́, Atkins sì ni akọ̀wé ilé-ẹjọ́. Ẹni kọ̀ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, tí wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n dá ọ̀pọ̀ láre, wọ́n fi àwọn kan ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì yẹgi fún 52 lẹ́yìn odi. Wọ́n kun òkú àwọn kan ní ọ̀dà, wọ́n so wọ́n rọ̀ lórí òkè kí ọkọ̀ tó bá ń kọjá lè rí wọn. Peter Scudamore, dókítà oníṣẹ́ abẹ Roberts, wà lára àwọn tí wọ́n yẹgi fún. Ṣùgbọ́n ó lé ní 70 aláwọ̀ dúdú tó wà nínú ọkọ̀ Roberts nígbà tí wọ́n mú un. Wọn kò gbọ́ ẹjọ́ wọn rárá. Wọ́n tà wọ́n ni.

Scudamore yìí ló jọ pé ó wọ inú ìwé kejì. Nínú Treasure Island, tí Robert Louis Stevenson, ọmọ ilẹ̀ Scotland bíi ti Selkirk, tẹ̀ jáde gẹ́gẹ́ bí ìwé ní 1883, ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Jim fara pamọ́ sínú àgbá èso ápù, ó sì ń gbọ́ bí Long John Silver ẹlẹ́sẹ̀ kan ṣe ń ṣe fáàrí nípa ayé rẹ̀. Silver sọ pé dókítà tó gé ẹsẹ̀ òun kàwé, ó gbọ́ èdè Látìn, síbẹ̀ wọ́n so ó rọ̀ ní Corso Castle pẹ̀lú àwọn ọmọ Roberts yòókù, oòrùn sì yan wọ́n gbẹ. Gbólóhùn kan péré ni, ó sì kọjá. Ọmọ tó ń kà á ní London kò ní ìdí láti béèrè ibi tí Corso Castle wà. Ọmọ tó ń kà á ní Oguaa gan-an lè ka ojú ìwé náà kọjá láìmọ̀ pé ìlú òun ni wọ́n dárúkọ.

Àwọn ọmọ ìlú yìí kò ṣàì ní ìwé tiwọn. Philip Quaque, ọmọ Oguaa tí wọ́n rán lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1754 tó sì padà wá ní 1766 gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nínú ilé olódi náà nígbà tí òwò ẹrú ṣì ń lọ lọ́wọ́ nísàlẹ̀. Sàréè rẹ̀ wà ní àgbàlá títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ ìtàn ilé di ìwé ọmọdé ni Efua Sutherland, tí wọ́n bí ní Oguaa ní 1924. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìkọ́ni ní Cambridge, ó sì rí i nígbà tó padà wá sílé pé ìwé òkèèrè ló kún ọwọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó gbé Playtime in Africa jáde pẹ̀lú ayàwòrán Willis Bell, ìwé tó fi eré àwọn ọmọ Gánà hàn bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, nínú yanrìn àti nínú oòrùn. Vulture! Vulture!, eré onílù fún àwọn ọmọdé, tẹ̀lé e ní 1968, The Marriage of Anansewa sì jáde ní 1975.

Ananse, aláǹtakùn, ni ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú ìtàn Akan, gẹ́gẹ́ bí Ìjàpá ti jẹ́ nínú àlọ́ Yorùbá. Kì í ṣe ọgbọ́n nìkan ni wọ́n fi jọra: nínú ìtàn Ananse pẹ̀lú, àwọn olùgbọ́ lè dá orin sí i láàárín ìtàn, mboguo ni wọ́n sì ń pe orin bẹ́ẹ̀. Sutherland fi mboguo sínú eré rẹ̀, kò jẹ́ kí àwọn tó wá wòran jókòó lásán. Ní Ekumfi Atwia, abúlé Fante kan tí kò jìnnà sí Oguaa, òun àti àwọn ará abúlé náà kọ́ ilé ìtàn, Kodzidan, fún iṣẹ́ yìí. Ananse ti rin ìrìn-àjò ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Àwọn tí wọ́n kó kọjá lẹ́nu ọ̀nà odi wọ̀nyí ló gbé e dé Jàmáíkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Anancy títí dòní, tó ṣì ń dá ọgbọ́n fún àwọn tó lágbára jù ú lọ.

Sutherland kú ní 1996. Àbá tó kọ ní 1980 pé kí wọ́n máa ṣe àjọ̀dún eré ìtàn ní Oguaa ló bí PANAFEST, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1992, tó sì ń mú àwọn ọmọ Áfíríkà ilẹ̀ òkèèrè padà wá sí ilé olódi náà. Ẹni tó bá gba Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ jáde, tó sì bojú wẹ̀yìn, yóò rí àkọlé mìíràn lókè ẹnu ọ̀nà kan náà, tó pè é ní Ẹnu Ọ̀nà Ìpadàbọ̀. Yanrìn tó wà níwájú rẹ̀ kún fún ọkọ̀ ojú omi àwọn apẹja, tí wọ́n fi oríṣiríṣi ọ̀dà kùn. Àwọn obìnrin ń dúró de ẹja, àwọn ọmọdé ń sáré láàárín àwọ̀n. Omi tí àwọn apẹja wọ̀nyí ń wà ọkọ̀ lórí rẹ̀, òkun kan náà tó gba òkú Selkirk ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, àfi ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan, nítorí ọjọ́ náà, ti òkun ni.